Àga Tí Ẹ Ó Jókòó Lé Ni

Ẹ̀yin ọmọ mi, àṣìṣe kan wọ́pọ̀ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú wa: bí ẹsẹ̀ àga bá ń mì, ẹ ó fi í sílẹ̀ títí yóò fi kán, ẹ ó ní ti ìjọba ni. Ṣé ti ìjọba nìkan ni lóòótọ́? Ẹgbẹ́ ọmọ bíbí Ọ̀fà ló dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní 1943. Owó tí ìlú dá ló sì kọ́ ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ìṣó tó yọ, kó sọ fún olùkọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tí òòlù ṣì lè ràn án.

Yàrá sáyẹ́ǹsì ló ká mi lára jù. WAEC ń ṣe ìdánwò àfọwọ́ṣe nínú kẹ́mísírì, físíìsì àti bàọ́lọ́jì. Báwo ni ẹni tí kò fọwọ́ kan burette, ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wọn èròjà olómi, rí yóò ṣe lò ó lọ́jọ́ ìdánwò? Ẹ fọ ohun èlò, ẹ dá a padà sí àyè rẹ̀, ẹ kọ èyí tó fọ́ sílẹ̀.

Ẹ lè ní àtúnṣe kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Òótọ́ ni, n kò sì ní kí ẹ dákẹ́. Ẹ gbé àkọsílẹ̀ yín fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kó mú un tọ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ lọ, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́. Ṣùgbọ́n kí èsì tó dé, ta ni yóò máa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀?