Ta Ni Ó Ni Ilé Náà? Ẹ̀kọ́ Lórí Ilé Ìtọ́jú àti Àrùn Tí Ń Ràn



Ní ayé àtijọ́ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, agboolé ni ilé ìtọ́jú. Ìyá arúgbó a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ a máa gbé omi ìwẹ̀ fún un. Bí abiyamọ bá kú, ìyá àgbà tàbí ìyàwó ilé mìíràn a gba ọmọ náà mọ́ra. Lónìí, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ti lọ sí Èkó, sí Àbújá tàbí sí òkè òkun, àwọn ìyá tí ó kù nílé sì ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láti òwúrọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń gbé àgbàlagbà, ọmọ aláìníìyá tàbí ọmọ ọwọ́ lọ sí ibi tí àwọn ẹlòmíràn yóò ti máa tọ́jú wọn. Kì í ṣe ohun ìtìjú. Ògbómọ̀ṣọ́ ti mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́: láti àwọn ọdún 1920 ni Ruth Kersey, nọ́ọ̀sì ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ó wá láti Amẹ́ríkà, ti ń gba àwọn ọmọ tí ìyá wọn ti kú sọ́dọ̀, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi pe ilé àwọn ọmọ náà.

Nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ mú ara ilé rẹ̀ lọ sí irú ibẹ̀, iye owó ni ó sáà máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà rántí: ta ni ó ni ilé náà, kí ni ìyẹn sì kàn nínú ọ̀rọ̀ àrùn?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí àrùn ṣe ń rìn. Níbi tí ènìyàn bá kó ara wọn jọ sí, tí wọ́n jọ ń jẹun, tí ọwọ́ kan náà sì ń wẹ̀ wọ́n tí ó ń pààrọ̀ ìtẹ̀dí wọn, àrùn tí ó mú ẹnì kan kì í pẹ́ kó mú èkejì. Nínú ilé àwọn ọmọ, èéyi, ikọ́, kúrúnà àti ìgbẹ́ gbuuru ni ó wọ́pọ̀. Nínú ilé àwọn àgbà, àrùn àyà àti ti ìfun ni ó ń ṣọṣẹ́ jù. Àwọn tí ń gbé inú ilé kì í sábà jáde. Àwọn tí ara wọn le, òṣìṣẹ́ àti àlejò, ni ó ń gbé àrùn wọlé fún wọn láìmọ̀. Ẹ sì fi èyí sọ́kàn nípa àgbàlagbà: ara rẹ̀ lè má gbóná rárá nígbà tí àrùn ti wọ̀ ọ́. Ó lè jẹ́ pé ńṣe ni ó kọ oúnjẹ, tí ó ń sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a ní, "Ogbó ni," wọn a sì jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta kọjá.

Àrùn kòrónà kọ́ gbogbo ayé ní ẹ̀kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2020. Ní ìpínlẹ̀ Òǹtáríò ní Kánádà, àwọn oníṣègùn yẹ ilé ìtọ́jú àgbà 623 wò láti ìparí oṣù kẹta títí di ogúnjọ́ oṣù karùn-ún ọdún náà. Àwọn kan jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, àwọn kan jẹ́ ti ẹgbẹ́ aláàánú tí kò wá èrè, èyí tí ó pọ̀ jù sì jẹ́ ti àwọn oníṣòwò. Àrùn náà wọ 190 nínú àwọn ilé wọ̀nyí, àgbàlagbà 1,452 ni ó sì kú. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n rí i pé kì í ṣe ẹni tí ó ni ilé ni ó ń pinnu bóyá àrùn yóò wọlé. Bí àrùn bá pọ̀ ní ìlú tí ó yí ilé náà ká, ó lè wọ ilé ìjọba, kí ó wọ ti aláàánú, kí ó sì wọ ti oníṣòwò. Ṣùgbọ́n níbi tí ó bá ti wọlé tán, iye ẹni tí ó mú ní ilé àwọn oníṣòwò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye tí ó mú ní ilé àwọn aláàánú, ikú sì pọ̀ níbẹ̀ jù.

Kí ló fà á? Wọ́n tú ọ̀rọ̀ náà wò síwájú sí i. Púpọ̀ nínú ilé àwọn oníṣòwò náà ni a kọ́ ní ìlànà àtijọ́ ti ọdún 1972, tí ó gba ènìyàn mẹ́rin láàyè láti máa sùn sínú yàrá kan. Púpọ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó ni ilé rẹpẹtẹ káàkiri. Ìwádìí mìíràn ní Òǹtáríò kan náà fi hàn pé ní àwọn ilé tí yàrá wọn há, nǹkan bí 10 nínú 100 àwọn àgbà ni ó kó àrùn náà. Níbi tí ènìyàn kò ti fún mọ́ra, wọn kò tó 5. Ẹni tí ó ni ilé ni ó ń pinnu iye ibùsùn tí yóò wọ yàrá kan. Òun náà ni ó ń pinnu bóyá a ó tún ilé tí ó ti gbó kọ́, tàbí a ó jẹ́ kí ó máa pa owó wọlé bẹ́ẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà lọ́wọ́ onílé, òun ni owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 2020, àrùn kòrónà bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé ìtọ́jú àgbà kan ní ìlú Kirkland ní Amẹ́ríkà. Kí oṣù kẹta tó parí, àgbàlagbà 101, òṣìṣẹ́ 50 àti àlejò 16 ni a mọ̀ pé ó ti kó o. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ kan wá síbi iṣẹ́ nígbà tí ara wọn kò yá, àti pé àwọn kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé ju ẹyọ kan lọ, tí wọ́n sì ń ru àrùn láti ibìkan dé èkejì. Ìwádìí ìjọba ní Ìńgíláǹdì ní ọdún kan náà rí i pé níbi tí a ti ń san owó fún òṣìṣẹ́ tí ó bá dùbúlẹ̀ àìsàn, àrùn kò mú àwọn àgbà tó bí ó ti mú wọn níbi tí a kò ti ń san án. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yín tí ó wà níbẹ̀ ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹ bi wọ́n, wọn yóò sọ fún yín. Ẹni tí kò ní jẹun lọ́la bí kò bá lọ síbi iṣẹ́ lónìí yóò gbé ikọ́ rẹ̀ mì, yóò sì lọ.

Kì í ṣe àwọn onílé nìkan ni ẹ̀bi kàn. Ìjọba Ìńgíláǹdì ní kí a kó àwọn àgbà kúrò ní ilé ìwòsàn padà sí ilé ìtọ́jú nígbà náà láì yẹ̀ wọ́n wò bóyá àrùn wà lára wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ilé ẹjọ́ gíga níbẹ̀ dájọ́ pé ìlànà náà kò bá òfin mu.

Ẹ má ṣe rò pé ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ sá fún ilé aládàáni. Ilé aládàáni kan wà tí onílé fúnra rẹ̀ ń sùn níbẹ̀, tí ó sì mọ orúkọ gbogbo ọmọ. Ilé ìjọ tàbí ti aláàánú kan sì lè wà tí ọmọ mẹ́fà ń lo fídà kan náà nítorí pé owó ọrẹ kò tó. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ àti táìlì tí ń dán tàn yín; kòkòrò àrùn kò kọ táìlì.

Kí ẹ tó fi ẹni yín sílẹ̀, ẹ wọ inú yàrá tí yóò máa sùn, kì í ṣe pálọ̀ àlejò nìkan. Ẹ ka ibùsùn. Ẹ wò ó bóyá fèrèsé ṣí, tí atẹ́gùn sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń fọ ìtẹ̀dí àti ibi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ: bí méjèèjì bá súnmọ́ ara wọn, tàbí bí kò bá sí omi àti ọṣẹ níbẹ̀, ẹ yára padà. Ẹ bèèrè bóyá yàrá kan wà tí a lè ya aláìsàn sí. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, kì í ṣe lọ́wọ́ ọ̀gá, pé, "Bí ara yín kò bá yá, ṣé wọ́n ń san owó ọjọ́ náà? Ṣé ẹ tún ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn?" Ìdáhùn rẹ̀, tàbí bí ó bá ṣe wo ojú ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó dáhùn, yóò kọ́ yín ní nǹkan. Ẹ sì bèèrè fún ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé náà lọ́dọ̀ ìjọba.

Ìbéèrè tí ó le jù ni èyí: bí àrùn bá bẹ́ sílẹ̀, ṣé wọn yóò sọ fún yín? Onílé a máa bẹ̀rù pé bí ìròyìn bá tàn, àwọn ènìyàn yóò kó ẹni wọn lọ, owó yóò sì dá. Nítorí ìbẹ̀rù yìí ni a fi ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ títí ọmọ kan yóò fi di mẹ́wàá. Ẹ bá wọn ṣe àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n ránṣẹ́ sí yín ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Ẹ̀yin náà, ẹ má ṣe fi ìyẹn sọ wọ́n di ẹlẹ́gàn láàárín ìlú, nítorí ẹni tí ó bá tètè jẹ́wọ́ ni ó yẹ kí á fọkàn tán. Ọmọ kan ṣoṣo tí ó dà bíi pé èéyi mú, tàbí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tí ìgbẹ́ gbuuru mú láàárín ọjọ́ díẹ̀, ti tó ohun tí a ń fi tó ilé ìwòsàn létí. Òṣìṣẹ́ kan wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ bèèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín. Kí ẹ tó gbé àgbàlagbà tàbí ọmọ padà sílé láti ibi tí àrùn ti bẹ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí oníṣègùn kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ má baà gbé e wọ agboolé.

Ó ku ilé kan tí a kò tíì mẹ́nu bà, ilé tiyín. Bí ẹ bá gba ọmọbìnrin kan láti máa wẹ ìyá yín tí kò lè dìde mọ́, ẹ̀yin ni onílé, ẹ̀yin ni ọ̀gá. Bí ó bá wọ́ wá ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè tí ó ń wúkọ́, kí ni ẹ ó ṣe? Ṣé ẹ ó ní kí ó lọ sinmi, kí ẹ sì san owó ọjọ́ náà fún un, tàbí ẹ ó ní kí ó fọwọ́ bo ẹnu, kí ó máa bá iṣẹ́ lọ nítorí pé ẹ ti ń pẹ́ lọ sí ọjà Akẹ́sán? Ẹ sọ èyí fún un ní ọjọ́ tí ẹ bá gbà á síṣẹ́, kí ó má baà máa fi àìsàn pamọ́ fún yín.

Ní ti ọmọ ọwọ́ tí ń lọ sí jéléósinmi, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ dání ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ti gba ti èéyi ní oṣù 9 àti ní oṣù 15. Bí ilé náà kò bá bi yín nípa káàdì yìí, ẹ bi wọ́n pé mélòó nínú àwọn ọmọ tí ó wà nílẹ̀ ni ó ní tiwọn.