FỌ́TÒ OJÚ ÒṢÈRÉ ÀTI ÌMÚRASÍLẸ̀ FÚN UN

Irínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí a bá ti ṣe eré ọdọọdún ẹgbẹ́ wa tán, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kópa ni ó máa ń ní i lọ́kàn láti bá àwọn eléré sinimá ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ wọn ni fọ́tò. Kì í ṣe fọ́tò ọjọ́ ìbí, kì í sì í ṣe pásípọ́tì tí a ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù. Fọ́tò ojú ni: láti orí dé èjìká tàbí àyà, kí ojú hàn gedegbe. Olùdarí eré tí kò rí ènìyàn rí, tí ó ní ọgọ́rùn-ún fọ́tò lórí fóònù rẹ̀, yóò wò ó fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré, yóò sì pinnu bóyá kí a pe onítọ̀hún tàbí kí a má pè é. Mo fẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí pé ohun tí a ń kọ́ ní kíláàsì nípa àwòrán Yorùbá lè ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀, ó sì lè ṣì wá lọ́nà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Lawal ti ṣe àlàyé pé inú "à-wò-rántí" ni ọ̀rọ̀ náà "àwòrán" ti wá, ohun tí a ń wò tí a fi ń rántí. Ẹni tí ó bá wọ pálọ̀ àwọn àgbà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, níbi tí a ti bí mi, yóò mọ̀ pé òtítọ́ ni. Lókè ògiri, lábẹ́ àjà, ni fọ́tò wọn máa ń tò sí. Bàbá jókòó sórí àga, ó kọjú sí wa gan-an, ó ya ẹsẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún, agbádá sì kún àga. Kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, tí ó ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn onífọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún, kọ nípa irú ìjókòó yìí nínú ìwé African Arts ní 1978. Ó rí i pé àwọn Yorùbá ti sọ iṣẹ́ fọ́tò di tiwọn, wọ́n sì fi ìlànà ère gbígbẹ́ wọn sínú rẹ̀. Ó tilẹ̀ rí fọ́tò ìbejì: bí ọ̀kan bá ti kú, onífọ́tò yóò ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì so méjèèjì pọ̀ kí ó lè dà bí ẹni pé wọ́n jọ jókòó.

Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ń sọ ipò ènìyàn fún wa. Aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, fìlà, àga, gbogbo wọn ni ó ń sọ̀rọ̀. Ẹ rántí Ojúde Ọba ọdún 2024 ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin tàn káàkiri ayé. Ó wọ gíláàsì dúdú, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ráhùn pé òun kò rí ojú rẹ̀, nítorí pé ẹṣin àti aṣọ ti sọ ohun gbogbo. Fọ́tò òṣèré kò rí bẹ́ẹ̀. Olùdarí kò fẹ́ mọ ipò ẹni náà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ojú yẹn lè di ojú akọ̀wé ilé ẹjọ́ lónìí, kí ó sì di ojú ìyàwó olókùú lọ́la. Bí ẹ bá fi gèlè àti kóràlì dí i lójú, ẹ ti yan ipa kan ṣoṣo fún ara yín, ipa olówó. Àwọn olówó sì ti pọ̀ nínú sinimá wa!

Ohun kejì tí ó yẹ kí a wò ni jíjọra. Ní 1973 ni Robert Farris Thompson tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń ṣe lámèyítọ́ ère. Nínú ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé ère tí ó dára kì í jọ ènìyàn jù, kì í sì í ṣàìjọ ọ́. Ó tún kíyè sí i pé bí a bá tilẹ̀ gbẹ́ ère arúgbó, bí ọ̀dọ́ ni a máa ń gbẹ́ ẹ. Àwọn onífọ́tò ìgbà fíìmù náà mọ èyí; wọn a máa fi pẹ́ńsù tún ojú fíìmù ṣe kí ìhunjọ ojú lè dín kù. Lóde òní fóònù ti gba iṣẹ́ yẹn, ó sì ti bà á jẹ́, nítorí kì í mọ ibi tí ó yẹ kí òun dúró. Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa fi fọ́tò tí fóònù ti fọ̀ di pupa ránṣẹ́. Wọ́n pè é. Nígbà tí ó débẹ̀, wọ́n wo fọ́tò, wọ́n wo òun náà, wọ́n ní ẹlòmíràn ni àwọn ń retí. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ni ó fi jóná. Fún fọ́tò ògiri, kí ó jọ díẹ̀ ti tó. Fún ti òṣèré, ẹni tí ó wà nínú fọ́tò gan-an ni ó gbọ́dọ̀ wọlé. Nítorí náà, kí oníilà má fi pọ́ńdà bo ilà rẹ̀, kí eléèjì má pa ẹnu dé nítorí èéjì, kí àpá sì wà níbi tí ó wà.

Àwa tí a wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò ní láti lọ jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Hubert Ògúńdé, ọmọ Òsósà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni ó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944, tí ó sì kọ iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ nítorí eré. Nígbà tí ó fi máa ṣe sinimá Ayé ní 1979, àwọn ènìyàn ti mọ ojú àwọn òṣèré orí ìtàgé dáadáa, Atọ́ka sì wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n mọ̀ wọ́n. Láti 1967 ni ilé-iṣẹ́ West African Book Publishers ní Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé yìí. Wọn a kó ẹgbẹ́ òṣèré jọ, wọn a ṣe eré ní abala-abala níwájú kámẹ́rà, wọn a sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn mọ́ àwòrán. Ẹ rò ó wò: kò sí ìlù níbẹ̀, kò sí orin, kò sí ijó, kò sí ohùn. Ojú ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Bí ẹ bá rí Atọ́ka àtijọ́ kan ní ilé ìkàwé, ẹ fi bébà bo ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ẹ lè mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ẹ̀dá-ìtàn. N kò mọ ẹ̀kọ́ mìíràn tí ó dára tó bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹnì kan lè ní, Bàbá Sàlá ńkọ́? Ta ni kò mọ táì ràgàjì àti férémù gíláàsì ńlá Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fọ́tò Bàbá Sàlá nìyẹn, kì í ṣe fọ́tò Adéjùmọ̀. Ẹni tí ó ti dá ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀ sílẹ̀, tí gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n, lè fi í polówó. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ yóò gbé ojú tirẹ̀ lásán wá.

Ó wá ku ọjọ́ náà fúnra rẹ̀. Kí a sùn dáadáa lóru tí ó ṣáájú. Ẹni tí yóò dirí kí ó dì í ní bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, nítorí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dì a máa fa iwájú orí, ojú a sì rí bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ẹni tí yóò fá irùngbọ̀n, kí ó fá a ní ọjọ́ kan ṣáájú kí ara lè rọ̀. Pọ́ńdà díẹ̀ tó láti pa dídán ojú. Nígbà ọyẹ́, ìpara díẹ̀ fún ètè.

Ọ̀rọ̀ aṣọ àti ìmọ́lẹ̀ ni ó le jù. Kámẹ́rà kò mọ ènìyàn, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ni ó mọ̀. Bí léèsì funfun bá gba àyè púpọ̀ nínú àwòrán, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dín in kù. Léèsì yóò rẹwà, ojú adúláwọ̀ yóò sì sọnù sínú òkùnkùn. Aṣọ aláwọ̀ kan, bí aró tàbí àwọ̀ ilẹ̀, ni ó dára. Àdìrẹ aláràbarà a máa fa ojú olùwòran kúrò lórí ojú òṣèré (kí àwọn ará Abẹ́òkúta jọ̀wọ́ má bínú sí mi). Kí a sá fún oòrùn ọ̀sán gangan, nítorí yóò sọ ihò ojú di kòtò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa gan-an ni sitúdíò: kí a dúró sínú ìbòòji rẹ̀ létí ìta, kí a kọjú sí ìta, ní àárọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Kí a má ṣe fara ti ògiri alámọ̀ pupa, nítorí àwọ̀ rẹ̀ a máa ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí fóònù ni a fi ń yà á, kí ẹni tí ń yà á jìnnà tó mítà méjì, kí ó gbé e bá ìwọ̀n ojú. Bí ó bá sún mọ́ni jù, imú yóò tóbi, etí yóò sì sá sẹ́yìn.

Ojú tí kò ro nǹkan kan a máa ṣófo. Kí òṣèré mú gbólóhùn kan nínú eré tí ó ti kọ́ sórí, kí ó máa sọ ọ́ nínú ara rẹ̀ bí ẹni tí ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀. Kí a ya èyí tí a rẹ́rìn-ín àti èyí tí a kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó bá di yíyàn, kí a má gbé e fún ìyá wa: èyí tí a ti lẹ́wà jù ni ìyá yóò mú. Ẹni tí ó ti darí eré rí ni kí ó yàn án. Kí a sì sọ ọ́ di kékeré bí èékánná lójú fóònù. Bí a kò bá dá ojú mọ̀ mọ́, kò tíì dára tó.

Bí a bá ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí a fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé, kì í ṣe bí fọ́tò, kí ó má baà fọ́, kí orúkọ wa sì wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí a san owó kí òun tó wo fọ́tò wa, tàbí tí ó ní kí a bọ́ṣọ kí a tó yà á, kì í ṣe olùdarí eré. Kí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa má ṣe dá a lóhùn, kí wọ́n sì sọ fún àwọn yòókù. Bí a bá gé irun, tàbí tí a sanra, tàbí tí ọdún méjì bá ti kọjá, kí a lọ ya òmíràn.