Ta ni Puck, níbo ni orúkọ rẹ̀ ti wá?

Ìbéèrè: Ọmọ mi ń ka eré Shakespeare kan tí iwin tó ń jẹ́ Puck wà nínú rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni orúkọ náà túmọ̀ sí, ẹnu mi sì wọhò.

Ìdáhùn: Orúkọ yìí ju Shakespeare lọ lọ́jọ́ orí. "Pūca" ni Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń pe iwin. Ará Ireland ní "púca", ará Wales ní "pwca", èdè Norway àtijọ́ sì ní "púki". Ta ló yá a lọ́wọ́ ta? Àwọn onímọ̀ èdè ṣì ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn, Sàtánì gan-an ni wọ́n ń pè ní "pouke". Ṣùgbọ́n nínú eré Shakespeare, ní nǹkan bí 1595, aláwàdà ni Puck: á di àpótí ìjókòó, ìyá àgbà á fẹ́ jókòó, àpótí á yọ́ lọ, ìyá á sì fìdí janlẹ̀! Orúkọ rẹ̀ kejì, Robin Goodfellow, ló dùn mọ́ mi jù. "Ẹni rere" ni Goodfellow; wọ́n ń fi orúkọ dáadáa tu ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù lójú. Ṣé àwa náà kì í pe ejò ní okùn lálẹ́ ni?

Orúkọ náà wà lára orúkọ ibì kan pẹ̀lú: ní Wicklow, Ireland, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Poll an Phúca, ìyẹn ihò Púca.

Ẹ ní kí ọmọ yín tún wo àwọn òṣùpá pílánẹ́ẹ̀tì Uranus. Ọ̀kan tí wọ́n rí ní 1985 ń jẹ́ Puck.