Ọwọ́ Púpọ̀ Nìkan Kọ́ Ní Í Parí Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nídìí iṣẹ́ oko, àwọn baba wa ń ṣe àáró: oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, wọ́n á bẹ ọ̀wẹ̀. Bí ọkọ́ bá ṣe pọ̀ tó ni ebè ń yá tó. Ǹjẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kíkọ ètò kọ̀ǹpútà rí? Rárá o.

Àwa mẹ́ta tí a ń gbé ní Barkin Sale, nílùú Minna níbí, ni ẹgbẹ́ yàn láti kọ ètò tí yóò máa tọ́jú orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àti owó tí wọ́n san. Iṣẹ́ pẹ́, a sì ké sí ẹni mẹ́ta mìíràn. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni a fi ṣàlàyé iṣẹ́ fún wọn. Fíláàṣì ni a fi ń gbé fáìlì láti yàrá dé yàrá. Nígbà tí Ọjọ́ Àṣà ku ọ̀la, ẹnì kan gbé fáìlì tirẹ̀ lé ti ẹnìkejì, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin sì parẹ́ ráúráú. Àwọn tó ti sanwó tí kò mú rìsíìtì dání fi ìbínú padà sílé. Ojú tì wá.

Frederick Brooks, tó darí kíkọ OS/360 ní iléeṣẹ́ IBM ní àárín àwọn ọdún 1960, ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀, The Mythical Man-Month (1975): bí irú iṣẹ́ yìí bá ti pẹ́, fífi èèyàn kún un yóò tún mú un pẹ́ sí i ni. Ẹni tuntun gbọ́dọ̀ kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni àtijọ́, ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ sì ń pọ̀ sí i. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹni 3, ọ̀nà 3, ẹni 6, ọ̀nà 15 (6 lọ́nà 5, kí a pín in sí 2), ẹni 10, ọ̀nà 45!

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nìyí:

1. Ẹ pààlà iṣẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnì kan mójú tó orúkọ, kí ẹlòmíràn mójú tó owó, kí ẹ sì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí ọ̀kan yóò máa gbé fún èkejì.

2. Ẹ lo Git, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Ó ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe tí ẹ bá fi sínú rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Bí ẹni méjì bá yí ìlà kan náà padà lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, yóò pariwo nígbà tí ẹ bá fẹ́ pa iṣẹ́ wọn pọ̀.

3. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn ka iṣẹ́ yín kí ẹ tó dà á pọ̀ mọ́ ti gbogbo ẹgbẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ kì í tètè rí àṣìṣe ara rẹ̀.

4. Ẹ máa ṣe ìpàdé kúkúrú lójoojúmọ́: kí ni mo ṣe lánàá? Kí ni mo fẹ́ ṣe lónìí? Kí ló ń dí mi lọ́wọ́?

Nígbà tí a tẹ̀ lé ìlànà wọ̀nyí, àwa mẹ́ta àkọ́kọ́ náà la parí iṣẹ́ láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìdánrawò: bí ẹ bá jẹ́ ẹni 8 nínú iṣẹ́ àṣekágbá yín, ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ mélòó ló wà láàrin yín? Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó ké sí ẹnìkẹsàn-án.