Ohun Gbogbo Ló Ń Rìn: Ẹ̀kọ́ fún Ilé Ìdáná Wa

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ èyí tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ nílé ìwé, tí àwọn kan nínú wa rò pé kò kàn wá. Ó kàn wá gidigidi. Púpọ̀ nínú wa ní Ìgbàrà-Òkè níbí ti fi igi ìdáná àti sítóòfù sílẹ̀, gáàsì la fi ń se oúnjẹ. Ẹni tí kò mọ ìṣe ohun tó wà nínú sìlíńdà kò lè mọ bí a ti í ṣọ́ra fún un.

1. Kí ni nǹkan gbogbo jẹ́?

Òkúta, omi àti afẹ́fẹ́, àkójọ èérún tín-ín-tìn-tín tí ojú wa kò lè rí ni gbogbo wọn. Èérún wọ̀nyí kì í sinmi. Ní ọdún 1827, Robert Brown, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó mọ̀ nípa ewéko, fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo lẹ́búlẹ́bú òdòdó nínú omi. Ó rí i pé wọ́n ń ta síhìn-ín sọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ro omi náà. Ní 1905, Albert Einstein ṣàlàyé rẹ̀ pé èérún omi ló ń kọlù wọ́n láti ìhà gbogbo. Jean Perrin, ará Faransé, fi ìdánwò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1926.

2. Ohun líle, ohun ṣíṣàn àti gáàsì

Ẹ jẹ́ kí a fi ọjọ́ ìdúpẹ́ ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí a bá jókòó, a fún mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì. Kò sí ẹni tó kúrò láyè rẹ̀, ṣùgbọ́n à ń mi orí, à ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni èérún ohun líle bí òkúta àti irin: wọ́n ń gbọ̀n lójú kan, nǹkan náà kò sì yí ìrísí padà.

Bí a bá dìde láti jó lọ síwájú, ara wa ṣì kan ara, ṣùgbọ́n ẹnìkan ń kọjá lára ẹnìkejì, ìlà wa sì ń tẹ̀ bí ọ̀nà bá ti tẹ̀. Ohun ṣíṣàn nìyẹn: omi àti epo pupa, tí ń gba ìrísí ohun tí a bá bù ú sí.

Bí a bá ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, tí àwọn ọmọdé sáré jáde, kálukú a gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Gáàsì nìyẹn. Kò sí ibi tí kì í dé, bí àyè bá wà.

Ooru ló ń sọ ọ̀kan di èkejì. Nígbà ọyẹ́, òróró àgbọn a dì sínú ìgò. Bí a bá gbé e sí oòrùn, èérún rẹ̀ a gba agbára, a sì yọ́. Lítà omi kan tó bá hó gbẹ tán, ooru rẹ̀ a gba àyè tó lítà 1,600. Abájọ tí ọmọrí ìkòkò fi ń jó lórí iná! Káńfọ̀ inú àpótí aṣọ kì í tilẹ̀ yọ́. Ńṣe ló ń di gáàsì díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi wá a tì. Bí a bá sì ṣí irú nínú ilé ìdáná, ará ilé kejì a mọ̀, nítorí èérún rẹ̀ ti rìn dé ọ̀dọ̀ wọn.

3. Gáàsì ìdáná

Wọ́n fi agbára tẹ gáàsì ìdáná mọ́ inú sìlíńdà títí ó fi di olómi. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ́ ọ bí a bá mì ín. Lítà kan olómi yìí, bó bá jáde, a di nǹkan bí lítà 250. Jíjò kékeré lè kún ilé ìdáná kí a tó mọ̀. Ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rá pálá mọ́. Gáàsì yìí fúnra rẹ̀ kò lóòórùn. Wọ́n fi ohun olóòórùn burúkú sí i kí imú wa lè kìlọ̀ fún wa.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ní Atomic Junction ní ìlú Accra, gáàsì jò níbi tí ọkọ̀ ńlá ti ń já a sílẹ̀. Ó gbiná, ó sì bú gbàmù. Ènìyàn 7 ló kú, àwọn tó farapa sì lé ní 130. Bí ẹni iwájú bá jìn sí kòtò, ẹ̀kọ́ ni fún ará ẹ̀yìn.

Nítorí náà:

(a) Bí a bá gbóòórùn gáàsì, kí a má ṣáná, kí a má tan iná mànàmáná, kí a má sì pa á, nítorí swíìṣì lè ta iná. Kí a ti orí sìlíńdà, kí a ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé gbayawu, kí a kó àwọn ọmọ jáde.

(b) Ìfófò ọṣẹ ni kí a fi wá ibi tó ń jò, kì í ṣe ìṣáná. Bó bá ń hó, ibẹ̀ ni.

(d) Kí a má gbà kí wọ́n rọ sìlíńdà kún dé ẹnu. Olómi inú rẹ̀ ń wú bí ooru bá mú un, ó yẹ kí àyè bí ìdá márùn-ún ṣẹ́ kù.

(e) Kí sìlíńdà dúró lóòró, jìnnà sí iná àti oòrùn. Kí a má gbé e sínú omi gbígbóná nítorí gáàsì tó kù nísàlẹ̀.

(ẹ) Ẹni tó ṣì ń lo kẹrosíìnì, kó ra á lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀. Èérún bẹntiróòlù ń fò jáde bí ó tilẹ̀ tutù. Bí wọ́n bá lú u mọ́ kẹrosíìnì, àtùpà lè di àdó olóró.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Èé ṣe tí òkúta kì í ṣàn bí omi?
2. Bí gáàsì bá jò lóru, kí ni ohun àkọ́kọ́ tí a kò gbọdọ̀ ṣe?
3. Ta ni nínú ilé wa tí kò tíì mọ bí a ti í ti orí sìlíńdà?

Kí olúkúlùkù wa kọ́ ẹni tó wà nínú ìdáhùn kẹta kí ilẹ̀ ọjọ́ òní tó ṣú.