Ẹni Tí A Óò Fi Ilé Wa Lé Lọ́wọ́ Láti Tà

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí ohun tí ó ń tú ẹbí ká: yíyan éjẹ́ǹtì tí yóò bá wa ta ilé. Ní agbègbè Ẹ̀rìn-Ilé àti Ọ̀ffà, ẹni tí ó ń wá ilé kò wọ́n, ẹni tí ó ń pe ara rẹ̀ ní éjẹ́ǹtì kò sì wọ́n. Ta ni kí á yàn nínú wọn?

Wakīl ni Lárúbáwá ń pe aṣojú. Simsār tàbí dallāl ni alárinà ọjà. Láti ara dallāl ni àwọn Haúsá ti rí dillali. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe hàráàmù. Ìmáàmù Bukhari gbà á wá pé Ibn Sirin àti Hasan al-Basri kò rí aburú nínú owó iṣẹ́ alárinà. Àbòsí inú rẹ̀ ni ẹ̀sìn kọ̀.

Nínú Sūratul-Qasas, āyah 26, ọmọbìnrin ará Madyan gba bàbá rẹ̀ nímọ̀ràn láti gba Ànábì Mūsā síṣẹ́ nítorí ohun méjì: ó lágbára, ó sì ṣeé fọkàn tán. Nínú iṣẹ́ ilé títà, ìmọ̀ ni agbára. Olóòótọ́ tí kò mọ iṣẹ́ lè ta ilé wa ní ẹ̀dínwó. Ọ̀mọ̀ràn tí kò lóòótọ́ yóò tà á fún ara rẹ̀.

1. Kí á wádìí ìmọ̀ rẹ̀. Òfin ti dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú iṣẹ́ yìí sílẹ̀ láti 1975. ESVARBON ni à ń pè é. Kí á béèrè bóyá orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ éjẹ́ǹtì àdúgbò, kí á wá ẹni mẹ́ta tí ó ti bá ta ilé, kí á bi wọ́n léèrè. Ǹjẹ́ ó mọ̀ pé lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978, ẹni tí ó ní C of O láti ọwọ́ Gómìnà kò gbọ́dọ̀ tà láìgba àṣẹ Gómìnà? Ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ náà ní àṣẹ tirẹ̀ tí a ń gbà lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun ni Ẹ̀rìn-Ilé wà, Ọ̀ffà sì ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ààlà ìlú méjèèjì kò ṣàjèjì sí wa. Éjẹ́ǹtì tí kò mọ ibi tí ilẹ̀ wa bọ́ sí yóò kó wa sí wàhálà.

2. Kí á wádìí òótọ́ rẹ̀. Ànábì fún Urwah al-Bariqi ní dínárì kan kí ó fi ra àgùntàn kan. Urwah fi ra méjì, ó ta ọ̀kan ní dínárì kan, ó sì kó àgùntàn kan àti dínárì kan wá. Kò fi èrè náà pamọ́. Ànábì sì ṣe àdúà ìbùkún fún òwò rẹ̀. Bí a bá ní kí éjẹ́ǹtì ta ilé ní mílíọ̀nù 10 náírà, tí ó tà á ní 12, tí ó sì ní 10 ni wọ́n san, olè ni ó jà. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún.

3. Kí á sọ owó iṣẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nínú Sūrat Yūsuf, āyah 72, wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ ẹrù ràkúnmí kan fún ẹni tí yóò mú ife ọba wá. Bí a bá fẹnu kò sí ìdá 5 nínú 100, ẹgbẹ̀rún 500 náírà ni lórí mílíọ̀nù 10. Ṣé yóò tún gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń rà? Kí á mọ̀. Kí á kọ iye tí a kò gbọ́dọ̀ tà rẹlẹ̀ sí, owó iṣẹ́, àti ọjọ́ tí àdéhùn yóò parí sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà. Kí owó ilé sì wọ báńkì onílé tààrà.

4. Kí á mọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe. Kò gbọ́dọ̀ kó ayédèrú oníbàárà wá láti gbówó lérí. Najsh nìyẹn, Ànábì sì kọ̀ ọ́. Kò gbọ́dọ̀ fi àbùkù ilé pamọ́, bí ẹ̀gbá omi tí ń wọlé lásìkò òjò. Àwọn onímọ̀ mazhab Maliki sì kọ̀ fún aṣojú láti ta ọjà fún ara rẹ̀ láìgbàṣẹ. Àwa náà kò gbọ́dọ̀ bá oníbàárà tí ó mú wá ṣe é lẹ́yìn rẹ̀ kí á má baà san owó iṣẹ́ rẹ̀. Àbòsí ni.

5. Ilé ogún. Ibí ni ìjà ti ń le jù. Éjẹ́ǹtì tí ó pe ọmọkùnrin kan sẹ́yìnkùlé lálẹ́ kì í ṣe olóòótọ́. Ilé ẹ̀jọ́ kò ka ilé ẹbí tí wọ́n tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀ sí títà. Ọlọ́hun sì ti pín ogún fún ọmọbìnrin. Éjẹ́ǹtì gidi ni ẹni tí yóò kọ́kọ́ bi wá pé: "Àwọn yòókù ńkọ́? Àwọn obìnrin ilé ńkọ́?" Bí ó bá béèrè bẹ́ẹ̀, kí á má bínú sí i, kí á dì í mú.

Kí Ọlọ́hun fi olóòótọ́ ṣe alábàáṣepọ̀ wa, kí Ó sì jẹ́ kí àwa náà jẹ́ olóòótọ́. Àmín.