Wàláà Inú Príńtà

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ọmọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé létí ọjà Ìpatà, níbí nílùú Ìlọrin, ló rán àbúrò rẹ̀ wá pè mí. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn oníbàárà ti tò dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá kan fẹ́ tẹ ìwé ètò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Alápatà kan tí ẹ̀jẹ̀ ẹran ò tíì gbẹ lára aṣọ rẹ̀ wá tẹ ìwé ọmọ tó fẹ́ wọ ilé-ìwé gíga. Príńtà jókòó sórí tábìlì, iná ara rẹ̀ tàn, ṣùgbọ́n kò mira.

“Tíṣà, ẹ gbà mí o,” ni ọmọkùnrin náà wí. “Láti aago mẹ́wàá tí mo ti so ó mọ́ laptop tuntun yìí ló ti ń tẹ̀wé geere. Iná lọ, iná dé, kò gbọ́ tèmi mọ́. Mo ti yọ driver rẹ̀, mo tún fi í sí i, ẹ̀ẹ̀mẹrin!”

Ubuntu ló wà lórí laptop tuntun náà. Èmi ni mo gbà á nímọ̀ràn láti lò ó, torí fáírọ́ọ̀sì tí flash àwọn oníbàárà ń kó wá ti sọ laptop Windows tó ń lò tẹ́lẹ̀ di aláìsàn. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Mo ní kó jókòó ná, kí a má fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí príńtà bá ti kọ̀, driver ni gbogbo wa máa ń nàka sí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ iṣẹ́ driver kò lè mọ̀ bóyá ó jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ ká mú bébà A4 kan. Príńtà tó ń tẹ àmì bíńtín 600 sórí ínǹṣì kọ̀ọ̀kan yóò to àmì 4,960 ní ìbú bébà náà, yóò sì to ìlà 7,016 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 35 àmì. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ pinnu bóyá dúdú ni yóò jẹ́ tàbí funfun. Àwọn príńtà olówó ńlá ní ọpọlọ tiwọn. Ẹ kàn ní kí wọ́n kọ lẹ́tà Ọ́, pẹ̀lú àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n mọ bí wọn yóò ti yà á. PostScript, èdè tí iléeṣẹ́ Adobe gbé jáde ní 1984, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èdè tí irú wọn ń gbọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn kéékèèké tó kún ṣọ́ọ̀bù wa kò ní ọpọlọ bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń ronú fún wọn. Òun ni yóò pinnu gbogbo mílíọ̀nù 35 yẹn, tí yóò dì wọ́n bí ẹrù, tí yóò sì fi èdè tí príńtà náà gbọ́ jíṣẹ́ fún un. Èdè iléeṣẹ́ kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Nígbà mìíràn, príńtà méjì tó jáde láti iléeṣẹ́ kan náà kì í gbọ́ èdè ara wọn.

Àwa tí a ń gbé Ìlọrin mọ ohun tí ògbufọ̀ wà fún. Fúlàní tó da màlúù wá àti alápatà tó ń sọ Yorùbá lè jọ dúró ti ẹran kan náà, kí owó wà lápò, kí ẹran wà nílẹ̀, kí òwò má sì wáyé bí kò bá sí ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì. Driver ni ẹni náà. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ lè mọṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì kí òwò ṣì bàjẹ́, bí olówó kò bá dé ọjà, bí ẹnì kan bá ti ilẹ̀kùn, tàbí bí ẹni tí à ń túmọ̀ fún bá sùn lọ.

Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ní kí a tọ ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà, ní ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Lórí Linux, tí Ubuntu jẹ́ irú rẹ̀ kan, CUPS ló ń gba iṣẹ́ ìtẹ̀wé sílẹ̀. Òun ló ń tò ó sórí ìlà, tó ń pe ògbufọ̀, tó sì ń gbé ẹrù náà sínú wáyà. Michael Sweet ló dá a sílẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1999, Apple sì mú un wọ inú kọ̀ǹpútà Mac ní 2002. Ẹni tó ń lo Mac náà lè bá wa gbọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Mo ṣí Terminal, ibi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, mo tẹ lsusb. Ó ń to gbogbo ohun tó so mọ́ ihò USB, ó sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kóòdù. Àmì mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú kóòdù náà ni orúkọ ìdílé: 03f0 ni HP, 04a9 ni Canon, 04f9 ni Brother, 04b8 ni Epson. Bí ìdílé príńtà yín kò bá sí níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ dé ìdí driver rárá. Wáyà ni ẹ máa yẹ̀ wò, tàbí ihò tí eruku ti dí. Tiwa wà níbẹ̀.

Ó kan lpstat -t. Èyí ń sọ bóyá CUPS wà lẹ́nu iṣẹ́, príńtà tó mọ̀, àti iṣẹ́ tó wà lórí ìlà. Ẹni tí Terminal bá ń bà lẹ́rù lè ṣí localhost:631 nínú bráúsà. Kò ní jẹ dátà yín, inú kọ̀ǹpútà yín gan-an ni ojú ewé náà wà. Ibẹ̀ la ti rí i pé ìlà ti dúró, iṣẹ́ 11 sì ń retí. Bí iṣẹ́ kan bá kùnà, CUPS lè ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo èyí tó kù, kó má sì ṣí i títí ẹnì kan yóò fi pàṣẹ fún un, bí iná tilẹ̀ ti dé. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yọ driver tí kò ṣẹ̀ dànù nítorí ilẹ̀kùn yìí nìkan. Ẹ tẹ cupsenable, kí ẹ fi orúkọ príńtà tẹ̀lé e. Bó bá ní ẹ kò láṣẹ, ẹ fi sudo ṣáájú.

A ṣí i. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ, CUPS ní òun ti jíṣẹ́. Príńtà kò mira síbẹ̀.

Ẹ farabalẹ̀ wo ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Bí ògbufọ̀ bá ń sọ èdè tí kì í ṣe ti príńtà, príńtà kì í sábà dákẹ́. Á máa pọ bébà jáde ni, àmì tí ẹnikẹ́ni ò lè kà á wà lókè, ìyókù á sì ṣófo. Tiwa kò bì, kò sì ké. Mo wá bi ọmọkùnrin náà léèrè: “Láàárọ̀ yìí, laptop wo ni príńtà yìí wà lára rẹ̀ nígbà tí o tàn án?”

Ó ronú díẹ̀. “Laptop àtijọ́ ni, Tíṣà. Òun ni mo fi tẹ iṣẹ́ aago mẹ́jọ. Mo kàn yọ wáyà lára rẹ̀ ni, mo sì so ó mọ́ èyí. N ò pa príńtà.”

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọmọ Ìlọrin tó bá lọ sí ilé-kéú mọ wàláà. Ẹ ó fi tàdáwà kọ ọ́, ẹ ó kà á kó wọnú orí, ẹ ó sì fọ̀ ọ́, pátákó á tún di pátákó lásán. Oríṣi ìrántí méjì ló wà nínú ẹ̀rọ bíi kọ̀ǹpútà àti príńtà. Ọ̀kan dà bí ohun tí a gbẹ́ sára òkúta: iná ì báà lọ fún oṣù mẹ́fà, yóò bá a níbẹ̀. Èkejì ni wàláà, iná mànàmáná sì ni tàdáwà rẹ̀. Ìṣẹ́jú tí iná bá já, gbogbo ohun tí a kọ sí i ti fọ̀ nù. Príńtà kọ̀ọ̀kan sì nílò ìtọ́ni tí yóò máa tẹ̀ lé nínú ara rẹ̀: bí yóò ti fa bébà, bí yóò ti gbóná dé ìwọ̀n tí ètù tóńà fi ń yọ́ mọ́ bébà, bí yóò ti tú ẹrù tí kọ̀ǹpútà dì ránṣẹ́. Firmware ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ príńtà ní tiwọn lára òkúta. Àwọn kan wà, HP LaserJet 1020 sì jẹ́ ọ̀kan tí a mọ̀ dáadáa, tó jẹ́ pé orí wàláà ni tiwọn ń gbé. Gbogbo ìgbà tí a bá tan irú wọn ni kọ̀ǹpútà ní láti tún firmware kọ sí i nínú, kó tó lè tẹ lẹ́tà kan ṣoṣo.

Windows ń ṣe é láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Laptop àtijọ́ ti kọ wàláà náà láago mẹ́jọ. Ubuntu bá a ní kíkọ láago mẹ́wàá, ògbufọ̀ sọ̀rọ̀, príńtà dáhùn, gbogbo wa rò pé ètò ti parí. Iná tó lọ ló fọ wàláà. Láti ìgbà náà, ògbufọ̀ tó gbọ́ èdè dáadáa ń bá ẹni tí kò ní iyè nínú sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọmọ náà yọ ògbufọ̀ yìí níṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gbà á padà.

Kí ẹ má baà rò pé àbá lásán ni, ọ̀nà wà láti rí i lójú. Bí ẹ bá ń lo driver tó ń jẹ́ foo2zjs, àṣẹ usb_printerid máa ń béèrè lọ́wọ́ príńtà pé kó júwe ara rẹ̀. Nígbà tí firmware bá wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà FWVER máa ń hàn nínú ìdáhùn. A tẹ àṣẹ náà lórí tiwa. Orúkọ rẹ̀ jáde, FWVER kò sí níbẹ̀.

“Kí ló wá dé tí Ubuntu ò kó o mọ́ra láti ilé?” ni ọmọkùnrin náà bi mí. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ sì gbà wá padà sẹ́yìn. Ní nǹkan bí ọdún 1980, yàrá ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT l'Ámẹ́ríkà gba príńtà Xerox 9700. Bébà máa ń há sínú rẹ̀. Richard Stallman, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ti tún ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí príńtà wọn ìṣáájú ṣe kó lè máa kéde fún àwọn tó ń retí iṣẹ́ bí bébà bá há. Ó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún tuntun náà, ṣùgbọ́n ètò rẹ̀ wà ní ìpamọ́. Ó lọ bá ẹnì kan ní Yunifásítì Carnegie Mellon tó ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́, ẹni náà kọ̀, torí ó ti ṣèlérí pé òun ò ní fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà wọ Stallman lákínyẹmí ara. Ní 1983 ó kéde GNU, ètò tí ẹnikẹ́ni lè yẹ inú rẹ̀ wò, kó tún un ṣe, kó sì pín in. Linus Torvalds, ọmọ Finland, mú Linux wá ní 1991. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, kó àwọn méjèèjì pọ̀ gbé Ubuntu jáde ní 2004, ó sì fi ọ̀rọ̀ àwọn èdè Nguni sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn firmware kan ṣì wà ní ìpamọ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ni wọ́n, kò sì sí àṣẹ láti kó wọn mọ́ Ubuntu. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó lọ mú un. Fún ti HP, àṣẹ hp-plugin ló ń bá yín gbà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀dà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ẹ̀dà HPLIP, driver HP fún Linux, tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín mu, nítorí náà bí ẹ bá gbé Ubuntu yín ga sí ẹ̀dà tuntun, ẹ ó tún un gbà.

Mo fi fóònù mi fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì, a gba fáìlì ti príńtà tirẹ̀, a sì tọ́jú ẹ̀dà kan sórí flash. A pa príńtà, a tún un tàn. Róólà inú rẹ̀ yí gìrì. FWVER hàn. Iṣẹ́ tó kù lórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

A dé orí ìkẹjọ nígbà tí iná tún lọ. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin náà tan jẹnẹrétọ̀, iná príńtà tàn, ó dúró díẹ̀, róólà sì tún yí. Alápatà nu ìka rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ṣòkòtò, ó fi orí ìka méjì mú bébà ọmọ rẹ̀ létí, gbígbóná.